Ọ̀nà kan ò wọjà: Ohun tí mo rí kọ́ lọ́dọ̀ àwọn olóúnjẹ alẹ́ ní Tanke, n'Ílọrin

Gbèsè ló gbé mi padà sí Ìlọrin. Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa má tíì fi ojú olè wò mí o, gbèsè oúnjẹ ni. Láàárín ọdún 2014 sí 2018 tí mo fi kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ìròyìn ní Yunifásítì Ìlọrin, ìyá kan wà ní Òkè-Odò, nítòsí ẹnubodè yunifásítì náà, tó máa ń dín iṣu tà láti ìrọ̀lẹ́ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Ìyá Oní-dùndún ni gbogbo wa ń pè é, kò sẹ́ni tó bi í léèrè orúkọ mìíràn. Nígbà tí ìdánwò àṣekágbá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí owó sì tán lọ́wọ́ mi, ìyá yìí ló ń tà mí láwìn. Ó ní ìwé pélébé kan tó máa ń kọ orúkọ wa sí. Ọjọ́ tí mo ṣe ìdánwò tán, ayọ̀ kò jẹ́ kí n rántí ìwé yẹn mọ́. Mo di ẹrù mi, mo wọ mọ́tò, ó di ilé. ₦850 ni mo jẹ ẹ́ sílẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ìwé ọrọ̀ ajé yìí, kò sí ìgbà tí oníṣòwò kan sọ fún mi pé àwìn ló pa òwò òun tí ọkàn mi kì í sáré lọ sí Òkè-Odò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo rí ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta gbà lóṣù tó kọjá, mi ò lọ síbòmíràn. Mo ní n ó jẹ ohun tí mo máa ń jẹ, n ó rin ọ̀nà tí mo máa ń rìn nírọ̀lẹ́, n ó sì san gbèsè mi. Mo ka ₦2,000 sínú àpò kan lọ́tọ̀. Mo ní èlé ti wà lórí ẹ̀, ìyá á ṣàdúrà fún mi.

Nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Òkè-Odò. Mo wo ibi tí ìyá máa ń gbé agbada rẹ̀ kalẹ̀ sí, ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ni mo bá níbẹ̀ pẹ̀lú tábìlì rẹ̀. Mo béèrè Ìyá Oní-dùndún lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, pé ibẹ̀ ṣófo nígbà tí òun gbà á, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé padà látinú ìyanṣẹ́lódì ọdún 2022.

Àyà mi já. Àbí gbèsè tí èmi àti ẹgbẹ́ mi jẹ ló lé ìyá náà kúrò lọ́jà ni? Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín rin àdúgbò náà, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí ọjà ibẹ̀ ṣe ń rìn kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá ni owó wọn

Ọdún 1975 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró lọ́dún 1977. Ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà 15,000, ṣùgbọ́n ilé gbígbé tó wà nínú ọgbà náà kò lè gba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń gba yàrá sí Òkè-Odò, Tanke àtàwọn àdúgbò tó yí wọn ká. Láàárọ̀, ṣe ni wọ́n máa ń rọ́ wọ inú ọgbà lọ. Bó bá dìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún tú jáde.

Ooru Ìlọrin kì í ṣe kékeré, pàápàá láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin. Bí òòrùn bá wọ̀, tí kò sí iná, yàrá kì í ṣeé dúró sí. Bí a ṣe máa ń jáde nìyẹn, ẹni méjì, ẹni mẹ́ta, a ó máa na ẹsẹ̀ lọ láti Òkè-Odò sọ́nà Tipper Garage. A ò ní ibi tí à ń lọ. Bẹ́ẹ̀ la ò ní ohun tí a fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n ká tó padà sílé, owó á ti jáde lápò wa.

Ohun tí àwọn olóúnjẹ alẹ́ fi ju àwa tí a ń kàwé lọ nígbà náà nìyí. Wọn kì í dúró de ẹni tí ebi ń pa, ẹni tó ń rìn ni wọ́n ń dúró dè. Lọ́tẹ̀ yìí tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìròyìn ló wà lójú mi, mo fara balẹ̀ wo ibi tí wọ́n jókòó sí. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń falẹ̀ ni: ibi tí èrò ti ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ènìyàn ti ń gba owó lọ́wọ́ oní-POS, ìkóríta tí àwọn ọ̀rẹ́ ti ń dágbére fún ara wọn. Mi ò rí ọ̀kan nínú wọn tó gbé ọjà kalẹ̀ síbi tí mọ́tò ti ń sáré kọjá.

Wọ́n tún mọ ìwúlò iná. Nígbà tiwa, àtùpà elépo ló pọ̀ jù. Ní báyìí, àtùpà onísólà ni ọ̀pọ̀ wọn gbé kọ́ sókè, tó ń tàn yòò sórí ọjà. Nínú òkùnkùn, ibi tí iná bá wà ni ojú ń kọ́kọ́ lọ, ibi tí ojú bá sì lọ ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀lé.

Ohun mìíràn tí mo tún rí ni bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó ń ta omi tútù àti sóbò kì í jìnnà sí oní-súyà, nítorí ata. Alákàrà kì í jìnnà sí oníbúrẹ́dì. Wọn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn, ńṣe ni wọ́n ń pe oníbàárà wá fún ara wọn.

Súyà, màsà àti wàrà

Ọ̀dọ̀ Àbókí tó ń ta súyà ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ó ti gé ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ti fi kúlíkúlí lílọ̀, ata, atalẹ̀ àti iyọ̀ pa á lára, ó sì fi igi gún un yí iná ká. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹran ló wọ́n jù nínú ọjà rẹ̀, òun náà ló sì gé fẹ́lẹ́ jù. Àlùbọ́sà, kábééjì àti tòmátì ló ń jẹ́ kí ìdì kún lójú oníbàárà. Yàtọ̀ síyẹn, igi rẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Ńlá wà, kékeré wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ kọjá lọ, ẹni tó fẹ́ ṣe fáàrí fún ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ náà á rí tiẹ̀ rà. Nígbà tí owó màlúù ń gbówó lórí, ó ní òun ò lè máa sọ iye kan náà di méjì lójú oníbàárà, òun kàn fi igi tó kéré sí i kún àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ìwé ìròyìn ló fi di tèmi. Mo tú u wò lábẹ́ iná, ojú ìwé ọrọ̀ ajé ni! Mo rẹ́rìn-ín, mo ní iṣẹ́ ọwọ́ wa náà wúlò. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé yíǹkì ara ìwé ìròyìn kì í ṣe ohun tó yẹ kó kan oúnjẹ gbígbóná tó lóròóró. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ, ẹ wá bébà tí wọn kò kọ nǹkan sí. Oníbàárà tó mọ ìmọ́tótó á kíyè sí i.

Níwájú díẹ̀ ni mo ti bá obìnrin kan tó ń dín màsà. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á po ìrẹsì sísè díẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á jẹ́ kó wú, kí wọ́n tó máa dá a sínú páànù olójú wẹ́wẹ́. Obìnrin yìí sọ fún mi pé oṣù ààwẹ̀ ni ìkórè òun. Gbogbo ẹni tó bá mọ Ìlọrin ló mọ̀ pé ìlú mùsùlùmí ni. Bí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bá dé, oúnjẹ ọ̀sán kì í yá, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ènìyàn á ti máa ra ohun tí wọn yóò fi ṣínu. Ìrẹsì tó ń rẹ máa ń pọ̀ sí i nígbà náà, á sì ti múra sílẹ̀ fún un láti bí oṣù méjì ṣáájú, kí owó ìrẹsì tó lọ sókè.

Mi ò lè dé Ìlọrin kí n má jẹ wàrà. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń ṣe é látinú wàrà màlúù. Wọ́n á gbé e ka iná, wọ́n á fún omi ewé bómubómu sí i, títí tí yóò fi dì. Wọ́n á wá bù ú sínú agbọ̀n kéékèèké kí omi rẹ̀ lè ro dànù, kó sì dúró bí agbọ̀n náà ṣe rí. Ó dùn, ṣùgbọ́n ọjà eléwu ni. Bí kò bá sí ẹ̀rọ amómitutù, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ti ń kan. Ọgbọ́n tí àwọn tó ń tà á ń dá ni pé èyí tí wọn kò bá rí tà ní tútù lónìí, wọn á sè é tàbí kí wọ́n dín in lọ́la, wọn á fi iyọ̀ àti ata sí i. Díndín máa ń pẹ́ ju tútù lọ, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló sì fẹ́ràn rẹ̀ jù. Èyí ni pé wọ́n ti mọ ohun tí wọn yóò fi àṣẹ́kù ṣe kó tó di àdánù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tòmátì, búrẹ́dì àti èso, ṣé ẹ ti mọ ti yín?

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ Ìyá Oní-dùndún. Ohun kan wà tó mú Tanke yàtọ̀ sí àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́ yòókù nílẹ̀ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì. Lọ́dún 2001, wọ́n lé àwọn olùkọ́ 49 kúrò ní Yunifásítì Ìlọrin lórí ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa, tó dá wọn láre lọ́dún 2009. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ọ̀rọ̀ yẹn ni Ìlọrin ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Bí ẹgbẹ́ ASUU bá ní káwọn olùkọ́ jókòó sílé, Ìlọrin á máa kọ́ ẹ̀kọ́ lọ ní tiẹ̀. Mo rántí oṣù kẹjọ ọdún 2017. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ìbàdàn àti Ifẹ̀ wà nílé fún nǹkan bí oṣù kan, àwa wà nínú kíláàsì. À ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn olóúnjẹ Òkè-Odò ń jẹ àǹfààní yìí. Wọ́n mọ ìgbà tí ilé ìwé ń wọlé, wọ́n mọ ìgbà tó ń gba ìsinmi, kì í sì í yẹ̀. Bí owó oṣù ló ṣe rí fún wọn. Àwọn àgbà kúkú ti kìlọ̀: ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan.

Oṣù kẹta ọdún 2020 ni ẹsẹ̀ kọ́kọ́ pa rọ́rọ́. Àrùn kòrónà dé, ìjọba ní kónílé ó gbélé, wọ́n ti gbogbo ilé ìwé. Ìyanṣẹ́lódì ASUU tún wà lórí rẹ̀, òpin oṣù kejìlá ọdún náà ni wọ́n tó so ó rọ̀. Gbogbo ayé ló fara gbá ti kòrónà, nítorí náà àwọn olóúnjẹ kà á sí àjálù ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 2022, ASUU tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìlọrin wà nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló gbà, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ni wọ́n so ó rọ̀.

Oṣù mẹ́jọ! Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ rò ó wò ná, kí gbogbo oníbàárà yín kó ẹrù wọn lọ́jọ́ kan, kí wọ́n má padà fún oṣù mẹ́jọ. Yàrá tí a gbà fún ọjà ò ní sọ pé òun ò gba owó. Alájọ ò ní dáwọ́ dúró. Ọmọ yín náà á jẹun.

Ìrìn ìrọ̀lẹ́ mi gbé mi dé Tipper Garage

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń po tíì, tó ń din ẹyin, tó sì ń se Indomie lálẹ́ ni mo ti wá gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ ládùúgbò akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ bá ẹni tó ń po tíì. Ó ní ìyá náà wà láyé, ó wà ní Tipper Garage. "Ẹ kàn máa rìn lọ, imú yín á fi ibẹ̀ hàn yín."

Mo rìn. Òórùn iṣu díndín ló kọ́kọ́ pàdé mi lóòótọ́. Ìyá wà níbẹ̀, ó ti sanra díẹ̀, agbada rẹ̀ ti di méjì, ọmọbìnrin kan sì ń bá a bẹ iṣu. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Ìyá. Èmi ni o, ọmọ Mass Comm tó jẹ yín ní gbèsè lọ́dún 2018."

Ìyá gbé ojú sókè. "Àwọn ọmọ Mass Comm tó jẹ mí ní gbèsè? Ẹ pọ̀ o. Èwo ni ìwọ nínú wọn?"

Àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo dárúkọ. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo máa ń ní kí n fi ata sí i tó pọ̀." Èmi náà ni.

Ó ní kí n jókòó, ó sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún mi bó ṣe ń yí iṣu nínú òróró. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì 2022 bẹ̀rẹ̀, ó rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni, bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀. Ó dúró. Wọ́n fi kún un, ó tún dúró. Owó tó yẹ kó fi ra iṣu ló ń jẹ. "Nígbà tó di oṣù kẹta, mo ka owó iṣu tó kù, mo rí i pé ó ti di owó gaàrí."

Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì ló gbà á nímọ̀ràn pé kó wá dín iṣu nítòsí Tipper Garage, pé ebi ń pa àwọn ènìyàn níbẹ̀. Ó yá owó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wá. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló gbé agbada kaná, bó ṣe máa ń ṣe ní Òkè-Odò. Ọjà kò tà. Ó tó ọjọ́ mẹ́rin kó tó mọ ohun tó fà á. Àwọn mẹkáníìkì, awakọ̀ àtàwọn tó ń kó iyẹ̀pẹ̀ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni ebi ń pa wọ́n. Bó bá dìrọ̀lẹ́, ilé ni wọ́n ń lọ. Iṣu mẹ́rin tín-ín-rín tó ń tẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn kò sì lè ṣe nǹkan kan fún ẹni tó ń gbé ẹ́ńjìnì.

Ìyá yí aago padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáná láàárọ̀. Ó gé iṣu tóbi sí i, ó fi ẹ̀wà àti ata díndín kún un. Láàárín oṣù méjì, ó san owó tó yá. Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà ní oṣù kẹwàá, ó fẹ́ padà sí Òkè-Odò, àfi bó ṣe gbọ́ pé ẹlòmíràn ti wà lójú ibẹ̀. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń na ẹsẹ̀ lálẹ́ ń dé Tipper Garage. Ó fi agbada kejì kún un. Ọ̀sán jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́, alẹ́ jẹ́ ti àwọn tó ń rìn. Abájọ tí àwọn àgbà fi ní ọ̀nà kan ò wọjà.

Wàhálà ò tán síbẹ̀ o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pààrọ̀ owó náírà, tí owó sì di ohun àwátì káàkiri, ẹni tí kò ní nọ́ńbà àkáǹtì lára tábìlì rẹ̀ kò lè tajà. Ìyá ní ọmọ òun ló kọ ọ́ sára páálí fún òun. Nígbà tó sì di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún kan náà, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo bẹntiróòlù tí jálá rẹ̀ kò tó ₦200 níbi tí ìjọba ti ń tà á fò kọjá ₦480. Mọ́tò tó ń kó iṣu wá láti oko ò fi tiẹ̀ mọ níwọ̀n.

Má fi náírà kà á, fi iṣu kà á

Mo fa ₦2,000 mi yọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ìyá, mo ní ₦850 ni mo jẹ, ẹ gba èyí. Mo ń retí àdúrà.

Ìyá wo owó náà, ó wo iṣu tó wà nílẹ̀. "Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o ń kọ ọ̀rọ̀ òwò sínú ìwé ìròyìn, jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò. Iṣu tó tó báyìí, ₦300 ni mò ń rà á nígbà tẹ́ ẹ wà níbí. ₦850 rẹ yẹn, iṣu mẹ́ta dín díẹ̀ ni. Láàárọ̀ òní, ₦2,000 ni mo ra ọ̀kan. Iṣu mẹ́ta lo jẹ lọ, iṣu kan lo gbé wá."

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ti kọ̀wé nípa ọ̀wọ́ngógó ọjà lójú ìwé yìí àìmọye ìgbà, kò sì yé mi tó bó ṣe yé mi lórí àpótí ìyá yẹn. Oníṣòwò tó tajà láwìn nígbà tí owó ọjà ń lọ sókè, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń pàdánù. Bí wọn ò bá san án, ó pàdánù. Bí wọ́n bá san án lẹ́yìn tó ti pẹ́, ó tún pàdánù, nítorí owó tó gbà kò lè ra ọjà tó tà mọ́. Nínú ìwé pélébé rẹ̀, gbèsè ti san tán. Ṣùgbọ́n inú abà iṣu rẹ̀ ṣì ṣófo.

Ó ní kí n mú ₦5,000 wá, òun fi ìyókù jì mí. Mo fún un ní ₦2,000 tó wà lọ́wọ́ mi, mo sì fi ₦3,000 ránṣẹ́ látorí fóònù. Mo nawọ́ fóònù mi sí i kó lè rí i pé ó ti lọ. Kò tilẹ̀ wò ó. Fóònù tirẹ̀ ló gbé sétí, títí tó fi dún tí ọmọ rẹ̀ sì ka iye tó wọlé fún un. Ìgbà náà ló tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ kan ti fi ayédèrú àlàáàtì jẹ iṣu rẹ̀ rí, ó ní láti ọjọ́ náà, fóònù ẹlòmíràn kì í ṣe ẹlẹ́rìí òun.

Ṣé ó ṣì ń tà láwìn? Mo bi í. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ebi akẹ́kọ̀ọ́ kì í mọ ọjọ́ tí owó ilé ń dé, ẹni tí o sì gbà lọ́wọ́ ebi kì í gbàgbé rẹ. "Ṣé ìwọ gbàgbé mi?" Ṣùgbọ́n àwìn rẹ̀ ti ní òfin: kì í ju abọ́ kan lọ fún ẹnì kan. Bí abọ́ àkọ́kọ́ kò bá tíì san, ìkejì ò sí. Kò sì sí ọjọ́ tí gbogbo àwìn òde máa kọjá owó tí òun lè pàdánù kí òun ṣì rí iṣu rà lọ́la.

Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké, mi ò rò pé ọ̀rọ̀ yìí kan olóúnjẹ nìkan. Tísà tó ń tẹ̀wé nítòsí ilé ìwé ni yín o, aránṣọ tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni yín o, ẹni tó ń gbé ọjà fún oníbàárà ńlá kan ni yín o, ẹ bi ara yín: bí àwọn oníbàárà yìí bá lọ ní oṣù mẹ́jọ, ta ni n ó tà fún? Ẹ má dúró dìgbà tí owó ọjà bá di owó gaàrí kí ẹ tó wá ìdáhùn. Ìyá fi oṣù mẹ́ta dúró, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ pé oṣù kan péré ni òun ìbá ti dúró.

Bí ẹ bá sì rí oníbàárà tuntun, ẹ má tà fún un bí ẹ ṣe ń tà fún ti àtijọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo aago rẹ̀, ẹ wo ikùn rẹ̀, ẹ wo àpò rẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ méjì jókòó níbẹ̀ lásán, kí ẹ kàn máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ sì máa fi ọjà ka owó yín. Lópin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má wulẹ̀ ka náírà tó wà nínú kòlòbó. Ẹ béèrè pé, àpò ìrẹsì mélòó, iṣu mélòó, yáàdì aṣọ mélòó ni owó yìí lè rà lọ́la? Bí iye yẹn bá ń dín kù, tí náírà sì ń pọ̀ sí i, àdánù lẹ ń jẹ, èrè kọ́.

Aago mẹ́sàn-án kọjá dáadáa nígbà tí mo dágbére. Ìyá di dùndún fún mi, mo sanwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ yí ẹ̀yìn padà, ó pè mí, ó mú iṣu mẹ́ta sí i látinú agbada, ó fi lé e. Ènì ni, ó ní. Mo ń jẹ ẹ́ bọ̀ lọ́nà Òkè-Odò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń na ẹsẹ̀ wọn lọ, ata rẹ̀ sì pọ̀ bó ṣe máa ń pọ̀.

Ọjà á tà o.